Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Òkè

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ìdájí. Fèrè ọkọ̀ ojú omi kan dún lápá èbúté Tin Can, ó dún pẹ́, ó sì rọra dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ojú oorun ni mo ti gbọ́ ọ tàbí mo ti jí.

Ìwé àtijọ́ ti kún, tuntun nìyí. Kí n kí i káàbọ̀ bó ṣe yẹ: èmi ni Tàwàkálítù, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, mò ń rán tápólì ní Malu Road. Kì í ṣe aṣọ èèyàn. Aṣọ tírélà ni. Awakọ̀ á gbé tápólì tó ti fàya wá, màá lẹ̀ ẹ́, màá fi òrùka irin sí etí rẹ̀ kí okùn lè rí ibi gbà, wọ́n á fi bo ẹrù, ó di Kánò. Mi ò dé Kánò rí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ń dé ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹnìkejì nínú ìwé yìí ni Alámì. Ìwé nìkan ló mọ orúkọ yẹn – lẹ́nu, Bàbá ni. Bàbá mi Sànúsí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró sẹ́nu ihò ọkọ̀ ojú omi, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ní wáàfù. Ẹni tó ń wa kiréènì kì í rí inú ihò. Ọwọ́ Bàbá ló ń wò. Ọwọ́ méjèèjì lókè: ibi gbogbo mọ́, máa lọ. Ọwọ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ sí ìsàlẹ̀, kó máa mì díẹ̀díẹ̀: rọra. Apá méjèèjì nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́: dúró. Mo ti mọ̀ wọ́n kí n tó mọ A, B, D. Mo mọ òfin wọn náà: ẹnìkan ṣoṣo ló lè ní kí ẹrù gbéra, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè ní kó dúró, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀.

Láàárọ̀, bí mo bá ti kọjá pákó orí gọ́tà, màá yíjú padà. Alámì á wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìgbà náà ni mo tó lè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí mo ti ń lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé wọn, pé àwọn ò mọ̀ pé ẹrù ọkọ̀ làwọn bí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Orí ń fọ́ Alámì láti Sátidé. Mo ní ká sọdá sọ́dọ̀ Ifeyinwa tó ni kẹ́míìsì iwájú ilé wa, kó wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n ní èéfín tírélà ni. Mo tún un sọ. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo bí àwọn ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìtàn géètì ló tẹ̀lé e – mo ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ọkùnrin kan wà ní wáàfù láyé ọjọ́un. Ooru mú un nínú ihò ọkọ̀, ó dákú, wọ́n gbé e jáde ní géètì lórí pákó. Nígbà tó máa fi padà dé lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ dùbúlẹ̀ ní wáàfù mọ́. Ẹni tí ibà bá ń ṣe á fara ti ògiri, á ṣe bí ẹni tó ń sinmi. Alámì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kán ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. "Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọlé, ẹsẹ̀ mi ni màá fi jáde."

Mo ní, Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì láti ọdún méjìlá. Wọ́n ní géètì kì í fẹ̀yìn tì.

Olóríkunkun. Ọlọ́run ló fi wọ́n ta mí lọ́rẹ.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lálàá pé mò ń rán tápólì kan tí kò lópin. Etí rẹ̀ kan ti wọ inú òkun. Alámì ń rìn lọ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò tutù. Mi ò pè wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Ní ṣọ́ọ̀bù. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo jáde nílé. Òjò ti dá, ilẹ̀ ń yọ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo lónìí láti òkè – "rọra". Mo rẹ́rìn-ín. Mo rọra. Tápólì Ovie awakọ̀ ló wà níwájú mi, ó fẹ̀ ju yàrá wa méjèèjì lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, Apapa. Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má baà di àlá.

Ovie ló wá pè mí lánàá, nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀. Hóònù lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi àtijọ́, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Òun ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nílé wa. Tírélà rẹ̀ ti wà lórí ìlà Tin Can láti ọjọ́ márùn-ún. Lánàá kò pariwo. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ó ní òun gòkè lọ kí Bàbá ni. "Sister, Bàbá siddon for ground. Ẹnu wọn ti wọ́."

Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lára tápólì. Mo sáré.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti irin. Apá òsì ojú wọn ti já wálẹ̀, itọ́ ń yọ níbẹ̀. Ọwọ́ òsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí nǹkan tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ìyá yàrá ẹ̀yìn ti gbé omi wá, ó fẹ́ rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu. Ifeyinwa ti gòkè dé, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀fun wọn lè má lè gbé e mì, omi á gba ọ̀nà àìtọ́ lọ. Ó ní kí Bàbá rẹ́rìn-ín fún òun. Ààbọ̀ ojú ló rẹ́rìn-ín. Ifeyinwa wojú mi, ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ká má fi ìpara kankan pa wọ́n, ká má dúró wò ó bóyá á lọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Alámì kọ̀. Ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu wọn, síbẹ̀ gbogbo wa la gbọ́ ọ: kí ẹnikẹ́ni má gbé mi. Ovie bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n wọ́n, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a létí. Lẹ́yìn náà wọ́n di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Ọwọ́ wáàfù. Ọkùnrin mẹ́ta ò lè tú u. Mo bẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bínú – mo sọ ọ́ jáde pé ṣé wọ́n fẹ́ kú níbí lójú mi ni. Wọ́n di ojú.

Mi ò mọ ẹni tó fi í sí mi lọ́kàn. Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gé ẹ̀là kan lára tápólì Ovie, tuntun tí kò tíì lò rí, ó gùn tó èèyàn, òrùka irin wà létí rẹ̀ méjèèjì. A ki okùn bọ̀ ọ́. Mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Alámì la ojú. Wọ́n wo okùn. Wọ́n fi irin sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa kókó kan wò, wọ́n fa èkejì. Èkejì ò le tó. Wọ́n nàka sí i. Ovie tú u, ó tún un so.

Àṣé gẹ́gẹ́ bí aláìsàn ni wọn ò fẹ́ ká gbé àwọn. Ẹrù tí wọ́n so dáadáa, wọn ò lè ní kó má lọ.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo kọjú sókè. Ovie àti àwọn ọkùnrin méjì di okùn mú. Mo na ọwọ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀. Rọra. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, Alámì ò wo àwọn tó ń gbé wọn. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Gbogbo ariwo Malu Road kúrò létí mi, àfi bí tápólì ṣe ń ha ara ògiri.

Nígbà tí a kọjá géètì ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó yé mi. Mo ní kí Ovie sọ̀ wọ́n kalẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀ níta géètì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n mí kanlẹ̀. A gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Tírélà ti dí ojú ọ̀nà pa. Ovie sáré síwájú, ó ń lu ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe àwọn awakọ̀ lórúkọ, "Shift small! Na my papa dey inside!" Ọ̀kan sún, èkejì sún. Kẹ̀kẹ́ wa ń gba àárín wọn kọjá, tápólì lọ́tùn-ún, tápólì lósì, ojú ọ̀run tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Mo rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mi lára mélòó kan. Alámì náà rí i, mo rò bẹ́ẹ̀.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé ibí. Dókítà obìnrin, kékeré lọ́jọ́ orí, ó béèrè ìgbà tí mo rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn le. Mo ní nígbà oúnjẹ alẹ́. Ó ní láàárọ̀ ńkọ́? Ahọ́n mi wúwo bíi ti Bàbá. Mo sọ fún un: aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, pé kò gbọdọ̀ ju bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ lẹ́yìn tí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọjá. Kò fi bú mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an.

Ọwọ́ kan ni mo rí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ. Ká ní mo padà gòkè ni. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Wọn ò sọ̀rọ̀. Òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Láti fèrèsé yàrá wọn, orí àwọn kiréènì wáàfù ń yọ. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Ní ọ̀sán, Alámì fa omi tí àwọn nọ́ọ̀sì so mọ́ wọn lọ́wọ́ yọ. Nọ́ọ̀sì fi í padà, wọ́n tún fà á yọ. Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó ti ọwọ́ náà, mo dì í mú títí omi fi tán. Kiréènì kan ń gbé àpótí pupa kan gba ojú ọ̀run kọjá, kò dún rárá. Oorun ń kùn mí. Nígbà tí mo máa fi jí, ọwọ́ Alámì ló di tèmi mú.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lálàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ kan gbé sókè. Lójú àlá náà mo tún rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n á ṣe padà lo ara wọn. Dáramọ́lá lórúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní kí Bàbá gbé ẹsẹ̀ òsì. Bàbá ò gbé e. Ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́. Wọ́n wo òrùlé. Ó ní, "Bàbá, mo ti rí àgídí jù yín lọ, ìyàwó mi wà nílé." Mo rí i tí ètè wọn mì, wọ́n tètè pa á mọ́.

Lójú ọ̀nà síta ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ á tètè padà ju ọwọ́ lọ, bí wọ́n bá gbà. Pé bí wọn ò bá gbà, kò sí ohun tí òun lè ṣe, àti pé bí wọn ò bá lo oògùn tó ń pa ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀ èkejì lè dé, èkejì kì í sì í bẹ̀bẹ̀. "Bí wọ́n bá gbà." Ọ̀rọ̀ yẹn ń tẹ̀lé mi bọ̀ láti ìta wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ mú ìbọ̀wọ́ wáàfù wọn wá láti ilé, aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n fi kọ́ sára ìṣó láti ọdún méjìlá. Dáramọ́lá ki ọwọ́ òsì bọ inú rẹ̀. Ó ní ẹrù wà nínú ihò, Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pẹ́?

Ìka àárín mì. Díẹ̀ ni. Àwa mẹ́ta la rí i.

Mo jáde lọ sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ovie wà níbẹ̀, ó ti wá kí wa, ó rò pé Bàbá ti kú, ó bú sẹ́kún ju mi lọ. Ìgbà tí mo máa fi là á yé e, nọ́ọ̀sì méjì ti ń bá a kẹ́dùn.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

A délé. Ovie ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí òkè wa, ó ní ká máa gbé yàrá ìsàlẹ̀ tòun, pé àtẹ̀gùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ Bàbá báyìí. Kò béèrè tápólì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní ó ti ní fèrèsé báyìí níbi tí mo ti gé e.

Alámì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti máa ń wo ayé. Ìbọ̀wọ́ méjèèjì wà lórí itan wọn. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

"Iyọ̀." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó já geere. Ọbẹ̀ mi ni wọ́n ń bá wí. Ovie pariwo láti òkè pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ibi tí Urhobo yìí ti ń rí òwe, mi ò mọ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi ni, ojú ọ̀nà dákẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ti ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn ọ̀pá. Wọ́n rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n padà. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú. Ṣùgbọ́n orí tún ń fọ́ wọn, mo ń rí i bí wọ́n ṣe ń di ojú. Oògùn tí mò ń fún wọn ní tàárọ̀ tàṣálẹ́, kí ló ń ṣe? Ifeyinwa wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Kò sọ iye rẹ̀ sókè. Ó fi hàn mí. Ó ga ju ti ọjọ́ tí a kúrò nílé ìwòsàn lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Mi ò ṣiṣẹ́ lónìí. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sùn lọ́sàn-án, mo yọ ìbọ̀wọ́ lórí itan wọn kí n fọ̀ ọ́. Ti òsì wúwo. Mo gbọ̀n ọ́n sínú àwo. Hóró oògùn ló ń dà jáde nínú àwọn ìka rẹ̀, funfun, pupa, àwọn mìíràn ti rọ̀ nítorí itọ́. Gbogbo èyí tí mo ti ń fi sí wọn lẹ́nu láti ọjọ́ tí a ti délé. Wọn ò gbé ẹyọ kan mì.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwo náà. Nígbà tí wọ́n la ojú, wọ́n rí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ń lo oògùn, aláìsàn ni. Mo fẹ́ pariwo, ariwo ò jáde. Ohun tó jáde ni èyí tí mo ti gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò sọ fún ẹnì kankan àfi dókítà àti ìwé yìí. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ́ kí ọwọ́ wọn rọ. Pé mo rí ọwọ́ kan laago méje, mo fi ṣe ẹ̀rín, mo lọ rán tápólì. Pé àwọn wákàtí tí mo fi ránṣọ ni abẹ́rẹ́ ìwòsàn fi bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọkọ̀ kan fun fèrè lọ́nà òkun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan, ìsinmi, ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n ní, "Tàwá. O ò tíì jí." Wọ́n ní ìdájí ni, àwọn fẹ́ ṣe àlùwàlá kírun, apá òsì ò gbọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Wọ́n rò pé bí oòrùn bá yọ, á padà. Wọ́n mọ̀ pé bí mo bá rí i, màá ní kí wọ́n gbé àwọn jáde. Nítorí náà wọ́n dìde, wọ́n lọ fara ti irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń sinmi, wọ́n fi ọwọ́ tó kù lé mi lọ. Ó di ìgbà tí mo yà ní kọ́nà kí wọ́n tó jókòó sílẹ̀.

Ẹrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ̀ lórí mi, òmíràn gùn mí lójú ẹsẹ̀. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Wọ́n tàn mí. Bàbá mi tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fi ọwọ́ sọ òtítọ́, wọ́n fi ọwọ́ purọ́ fún mi.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè mí. Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn. "Mo ń wò ọ́ lẹ́yìn bó o ṣe ń lọ. Mo ní bóyá wàá yíjú padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnikẹ́ni ló lè ní kó dúró, Tàwá. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni dókítà ní ká padà wá. Wọ́n ní àwọn ò lọ. Mo kó oògùn tuntun sínú àwo, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ife omi. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mi ò fi oògùn kankan sí wọn lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Oòrùn lẹ́yìn òjò. Gbogbo nǹkan ń dán, títí kan gọ́tà.

Mo múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Àwo wà níbi tí mo gbé e sí, oògùn pé. Mo jáde ní géètì, mo kọjá pákó, mo yíjú padà. Alámì wà lórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀. Rọra. Wọ́n tún ń lé mi lọ.

Mo na apá méjèèjì gbalaja.

Mi ò rò ti ojú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn mi. Tírélà kan ń yà bọ̀ láti kọ́nà, ó rí apá mi, ó tẹ bíréèkì, gbogbo ara rẹ̀ mì. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, èyí tó tẹ̀lé e dúró. Awakọ̀ yọrí, ó ní, "Madam, wetin happen?" Ovie ti yọjú lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó ń sọ fún un pé kó pa ẹnu mọ́. Ifeyinwa jáde wá sẹ́nu kẹ́míìsì. Apá ń ro mí. Ojú Alámì nìkan ni mò ń wò, ojú wọn sì wà lára apá mi, ó pẹ́, ó pẹ́ tí mo fi rò pé mo ti sùn lórí ìdúró.

Wọ́n na ọwọ́ sínú àwo. Wọ́n ju oògùn náà sẹ́nu, wọ́n mu omi, wọ́n la ẹnu kí n rí i láti ibi tí mo wà pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n mú ọ̀pá. Wọ́n dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́. Ovie fẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ wá dì wọ́n mú, mo mi orí fún un.

Lẹ́nu géètì wọ́n dúró. Wọ́n wo ilẹ̀ ìta. Wọ́n fi ara wọn gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá.

Ó wá ku pákó orí gọ́tà. Wọ́n fi ọ̀pá há abíyá, wọ́n gbé ọwọ́ kan ṣoṣo náà sókè, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, kí èmi àti gbogbo tírélà Malu Road lè rí i.

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò lọ. Mo dúró títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi.